Búrọ́ọ̀sì Orín Tí Moudachirou Gbẹ́ fún Faïzatou

Títí dòní, bí Moudachirou káfíńtà bá rí ẹni tó ń run orín ní Manigri, ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Faïzatou kó tó padà wá bá a nídìí iṣẹ́.

Faïzatou, ọmọbìnrin tó ń fẹ́ nígbà náà, ló dá ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀sì náà sílẹ̀, lọ́dún tó ń kọ́ aṣọ rírán ní Bassila. Ó ní irun búrọ́ọ̀sì ọjà máa ń já há òun léyín, orín ní tirẹ̀ kì í sì í dé àwọn eyín ẹ̀yìn.

"Ìwọ tó o lè gbẹ́ ilẹ̀kùn, o ò lè gbẹ́ nǹkan tí yóò wọ ẹnu mi?"

"Ẹnu rẹ yẹn? Ilẹ̀kùn gan-an ló yẹ kí n ṣe sí i."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó gbẹ́ igi kajú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó jẹ́ kí orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí orí ṣíbí, ó lu ihò síbẹ̀, ó sì ki ègé orín ata bọ̀ ọ́. Bí ègé náà bá ti jẹ tán, a fà á yọ, a fi òmíràn sí i. Omi nìkan ló ń da iṣẹ́ náà rú, torí ó ń la igi. Nígbà tí ẹ̀kẹta là, ó rántí epo èèpo kóró kajú tí baba rẹ̀ fi ń kun òpó abà iṣu nítorí ikán. Gbogbo Manigri ló mọ̀ pé epo yẹn ń bó ọwọ́ èèyàn, ṣùgbọ́n òun gbà pé bó bá ti gbẹ nínú oòrùn, agbára rẹ̀ tán nìyẹn. Ó fi kun igi, ó sá a fún ọjọ́ méjì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí iṣẹ́ ti sọ di líle kò sọ nǹkan kan fún un.

"Ṣé o ti fi fọnu ná?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Rárá, Ìyá. Ẹnu Faïzatou ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kàn."

"Ìfẹ́ ti sọ ọ́ di ọ̀dẹ̀," ni ìyá wí, ó sì ń bó iṣu rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Jímọ́ ló gbé e lọ fún un ní Bassila. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni àwọn ará ilé Moudachirou gbé obì lọ tọrọ ọmọ nílé baba Faïzatou. Ọmọbìnrin náà wọlé, ó fi ìborùn bo ẹnu. Baba rẹ̀ ṣí i: ètè ti wú, awọ ń bó.

"Moudachirou, ta ló kọ́kọ́ fi nǹkan yìí fọnu?"

Ó lè purọ́. Ó wo ojú Faïzatou, irọ́ náà kò sì jáde.

"Kò sẹ́nì kankan, Baba."

"Ohun tí o kò fi kan ẹnu ara rẹ ni o gbé fún ọmọ mi."

Wọ́n dá obì padà. Faïzatou fẹ́ gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò ṣeé là.

Ó di ọdún mẹ́rin. Moudachirou ń gbẹ́ búrọ́ọ̀sì náà tà, ṣùgbọ́n kì í kun igi mọ́. Ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n máa sá a lẹ́yìn ìlò, kì í sì í gbé èyíkéyìí lọ sọ́jà láìjẹ́ pé ó ti fi irú rẹ̀ fọnu fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jà Bassila tó kọjá, obìnrin kan tó pọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ wo àtẹ rẹ̀. Àpá dúdú kékeré kan wà ní igun ètè rẹ̀.

"Èyí ńkọ́, ṣé o ti fi fọnu?"

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dán irú ẹ̀ wò."

Faïzatou yí igi náà síwá sẹ́yìn.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ló wí jẹ́jẹ́. "Ǹ bá dúró dè é, Mouda."

Ó ra ọ̀kan, ó sì lọ bá ọkọ rẹ̀ tó jókòó dè é lórí alùpùpù. Moudachirou di èyí tí Faïzatou yí wò tí kò rà mú. Ó gbẹ, ó mọ́, kò sí epo kankan lára rẹ̀.