Òsì Ló Ń Lé Orin

"Pààrọ̀ wáyà yẹn, Ìyá Favour. Ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ dún."

Ọmọ́bọ́lá kò gbé ọwọ́ kúrò lórí gìtá rẹ̀. Ó wo Alàgbà Mákindé tó dúró sí àárín ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì rí i pé bàbá náà kò ṣeré rárá.

"Kí ló ṣe òsì, Bàbá?"

"Àwọn obìnrin ló ń jókòó sí òsì."

Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Ṣakí, obìnrin kì í kọjá sí ọ̀tún, ọkùnrin kì í jókòó sí òsì. Tọkọtaya tó bá jọ gun ọ̀kadà kan ṣoṣo wá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pínyà. Ọkùnrin ló ń lé orin, obìnrin a sì máa gbè é. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí rẹ̀ rí.

Àpótí tuntun ló dá wàhálà sílẹ̀. Àbúrò Ọmọ́bọ́lá ló rà á ní Kútọnu, tó fi àpò gààrí wé e, tó gba ẹnubodè Ìjió wọlé. Àpótí pẹlẹbẹ ni, kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ, ṣùgbọ́n téèyàn bá ti ki wáyà gìtá bọ̀ ọ́, yóò dún bí áńpílífáyà èyíkéyìí tó bá wu onítọ̀hún. Ihò méjì ni ohùn ń gbà jáde lára rẹ̀, òsì àti ọ̀tún. Tí Ọmọ́bọ́lá bá ti dé láti iléèwé tó ti ń kọ́ni, ìdí rẹ̀ ló ń jókòó sí. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn méjèèjì ń wọ́ pọ̀ sójú kan, àfìgbà tó rí i pé Olúkúnlé, tó ń mójú tó míkísà, ẹ̀rọ tó ń pín ohùn sí sípíkà, ti kó bọ́tìnnì méjèèjì sí àárín. Ó yí ọ̀kan sí òsì pátápátá, ó yí èkejì sí ọ̀tún. Ó wá ṣètò àpótí náà kí ohun tó bá ta dún ní sípíkà òsì níhà àwọn obìnrin, kí ti ọ̀tún sinmi díẹ̀, kó wá tún un sọ.

Orin ìkórè tó fúnra rẹ̀ kọ ló fi dán an wò: "Òjò dé, a róko ro." Òsì lé e, ọ̀tún gbè é. Omi lé sí i lójú.

Alàgbà Mákindé náà gbọ́ ọ, inú bí i.

"Kí obìnrin máa lé, kí ọkùnrin máa tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn? Nínú ilé Ọlọ́run? Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, mo ti sọ tèmi. Bí o ò bá pààrọ̀ ẹ̀, Success á ta gìtá lọ́la, ìwọ á lọ jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ."

Success yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n Alàgbà Mákindé ni, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń mú okùn gìtá le kó tó dún gún.

Bí bàbá ṣe jáde, Olúkúnlé sún mọ́ ọn. "Ìyá Favour, ẹ jẹ́ n bá yín pààrọ̀ ẹ̀. Ṣebí wáyà lásán ni."

"Tó bá jẹ́ wáyà lásán ni, kí ló ń dun Bàbá?" Ó ti pẹ́ tó ti ń ta gìtá nínú ìjọ náà, igbákejì onígìtá ni wọ́n sì ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò sí onígìtá kankan níwájú rẹ̀. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Lọ́jọ́ kejì tó jẹ́ ọjọ́ ìkórè, iṣu àti àpò ẹ̀lùbọ́ kún iwájú pẹpẹ, àlejò ti Ìgànná àti Ìlúà dé. Nígbà tí Success fi máa wọlé, Ọmọ́bọ́lá ti jókòó sórí àga onígìtá. Ọmọkùnrin náà wo àpótí, ó wo obìnrin náà, ó lọ wá ibi jókòó sí.

Orin ìkórè kàn. Gìtá dún ní òsì, ó dáhùn ní ọ̀tún. Kò tíì ta á dé ẹ̀ẹ̀kẹta tí Alàgbà Mákindé fi dìde, tó lọ síbi míkísà, tó sì fa wáyà òsì yọ. Sípíkà ìhà obìnrin dákẹ́.

Ọmọ́bọ́lá ò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ìtìjú ń mú un, ṣùgbọ́n ó ń ta á lọ. Ègbè nìkan ló wá ń jáde ní ìhà ọkùnrin, ègbè orin tí ẹnikẹ́ni ò lé. Àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn.

Ìyá Dáníẹ́lì, àgbà nínú àwọn akọrin obìnrin, tún gèlè rẹ̀ so, ó dìde.

"Òjò dé, a róko ro!"

Sípíkà ọ̀tún dá a lóhùn. Ni gbogbo obìnrin bá dìde, wọ́n lé e. Sípíkà tún dáhùn. Nígbà tó yá, Olúkúnlé lanu bá a gbè é, àwọn ọkùnrin yòókù tẹ̀ lé e, títí kan àwọn àlejò.

Nígbà tí orin rọlẹ̀, Alàgbà Mákindé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga onígìtá, wáyà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ihò wo ni mo ti fà á yọ?"

"Ti òsì ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín. A ò nílò ẹ̀ mọ́ lónìí."

Ọmọ́bọ́lá fojú sí ìhà àwọn obìnrin, ó sì tún orin náà ta láti ìbẹ̀rẹ̀.