Kapásítọ̀ Inú Ọkọ̀ Káfíńtà

Ọjọ́ méjì péré ló kù kí ẹ̀gbọ́n obìnrin Káfíńtà wá mú ìyá wọn lọ sí ìlú tirẹ̀, béèsì inú ọkọ̀, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ tó ń mi àga, kò sì yéé kú láàárín orin.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí etí ìyá náà ti di pátápátá. Kò gbọ́ ààrá, kò gbọ́ ayùn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ Káfíńtà, tí wọ́n sì fi orin tí ọkọ rẹ̀ olóògbé ta gìtá béèsì nínú rẹ̀ sí i, béèsì yóò gba inú àga wọ̀ ọ́ lára, ìyá yóò sì máa mi orí. Àárín orin ni ìyọnu wà. Níbi tí bàbá ti ń dá ta gìtá, iná iwájú ọkọ̀ yóò ṣú, iná pupa yóò tàn lára ampilifáyà tó ń fún sípíkà lágbára, gbogbo rẹ̀ yóò sì dákẹ́. Ìyá yóò wá máa wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kò ní ọkọ̀. Káfíńtà fẹ́ kí orin náà dé òpin lára ìyá rẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó lọ.

Ó tọ Rewáyà lọ, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ilé kẹta sí tiwọn.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Rewáyà wí, “bí béèsì ńlá bá fẹ́ dún, ó máa ń gbé iná mì lójijì ni. Kapásítọ̀ lẹ máa rà. Ìkòkò ni, ó máa ń tọ́jú iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ampilifáyà, kó lè bù ú fún un kíákíá. Ṣùgbọ́n tí ọ̀nà odò bá dí, kí ni ìkòkò fẹ́ ṣe? Ẹ jẹ́ kí n wá wo wáyà yín lọ́la ná.”

Ta ni yóò dúró de ọ̀la? Káfíńtà gba ọjà lọ.

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. “Wáàtì mélòó ni wọ́n kọ sára ampilifáyà yín?”

“Ẹgbẹ̀rún méjì.”

“Fáráàdì ni a fi ń wọn kapásítọ̀: ọ̀kan fún ẹgbẹ̀rún wáàtì kan. Kapásítọ̀ fáráàdì méjì ni tiyín.” Ó gbé ohun kan tó rí bí agolo lé e lọ́wọ́, ó wúwo bí òòlù.

Ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù kejì bú sẹ́rìn-ín. “Méjì kẹ̀? Ṣé kẹ̀kẹ́ lẹ fẹ́ gbé e sí? Fáráàdì mẹ́wàá rèé, bàbá!”

Káfíńtà gbé e wò. Ó fúyẹ́ bí agolo tí wọ́n ti jẹ ohun inú rẹ̀ tán. Láti ìgbà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ igi, kò rí i rí kí pákó ńlá fúyẹ́ ju kékeré lọ.

“Báwo ni mẹ́wàá ṣe fúyẹ́ ju méjì lọ?”

“Ìmọ̀ tuntun ni.”

Orí Káfíńtà dà rú. Ó padà lọ ra fáráàdì méjì ti obìnrin náà, nítorí pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ìwúwo nìkan ló yé e.

Ìwé tí ó bá a wá sọ pé kí a má ṣe so ó mọ́ bátìrì tààrà. Kí a kọ́kọ́ fi gílóòbù sáàárín, kí ó lè máa mu iná díẹ̀díẹ̀. Káfíńtà ṣe bẹ́ẹ̀. Gílóòbù tàn yòò, inú rẹ̀ dùn. Kò pẹ́ tí gílóòbù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ṣú, ó ṣú, ó kú. Ó pààrọ̀ gílóòbù; òkùnkùn. Ó yọ gílóòbù náà sọnù.

“Kapásítọ̀ yìí ti bàjẹ́,” ni ó wí fún ara rẹ̀.

Lójú káfíńtà, ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ kò jókòó dọ́gba ni. Ó mú irin ìwọ̀n rẹ̀, ó gbé e dùbúlẹ̀ lórí àwọn orí méjì tí kapásítọ̀ ní, èyí tó wà fún wáyà pupa àti èyí tó wà fún dúdú, kí ó lè wò ó bóyá wọ́n dọ́gba.

Gbàù! Iná funfun là, irin fò jáde kúrò nínú ọkọ̀, iná sì ti jó igun irin náà kan jẹ. Ìyá, tó ń ká aṣọ sínú àpótí ní ẹnu ọ̀nà, rí mànàmáná náà.

“Ṣé ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ ni?” ni ó kígbe.

Nígbà tí Rewáyà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí ó sì gbọ́, ẹ̀rín mú kí ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n, kò bàjẹ́. Ó kún ni gílóòbù fi kú. Omi kì í ṣàn láàárín ìkòkò méjì tí wọ́n kún dọ́gba.”

“Ohun tó kún ló ń pa iná?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Èyí tó ṣófo ló ń tàn án?”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni.”

“Àbúrò, ṣé orí rẹ pé?”

“Tèmi pé. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹ̀yin wá lọ tẹ́ irin sórí orí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!”

Rewáyà bẹ̀rẹ̀, ó tọ wáyà dúdú ampilifáyà dé ibi tí wọ́n ti fi bóòtù dè é mọ́ ara ọkọ̀. Ó nawọ́ sí i.

“Ta ló kun ọ̀dà sábẹ́ bóòtù yìí?”

“Èmi ni. Kí ó má baà dógùn-ún. Iṣẹ́ tí a kò kùn, iṣẹ́ kọ́.”

“Ti àga nìyẹn! Iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá.”

Káfíńtà fi sáńdípépà ha ọ̀dà náà títí irin fi ń dán bí abẹ; ìyẹn kò nílò olùkọ́. Wọ́n de wáyà padà, wọ́n tún fi gílóòbù bọ́ kapásítọ̀ yó. Wọ́n fi orin sí i. Àárín orin kọjá, iná iwájú ọkọ̀ kò ṣẹ́jú.

“Èwo ló tún un ṣe,” ni Káfíńtà béèrè, “kapásítọ̀ àbí ọ̀dà tí a ha?”

“Ó lè jẹ́ ọ̀dà. Ó lè jẹ́ méjèèjì.”

“Jẹ́ kí a yọ kapásítọ̀ kí a fi mọ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀kọ́ lẹ fẹ́ kọ́ ni, àbí màmá lẹ fẹ́ gbé jókòó?”

Wọ́n gbé ìyá jókòó. Ó di ojú, ó ń mi orí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ta gìtá. Orí ìyá dúró. Ojú rẹ̀ le koko, ẹ̀rù sì ba ọmọ rẹ̀: bóyá ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta ti wá di àjèjì sí i. Orin tẹ̀ síwájú, ó dé òpin.

“Ó ń sáré!” ni ìyá pariwo, ẹ̀rín sì gba ojú rẹ̀ kan. “Òun náà ni! Bó bá ti rí mi láàárín èrò, ọwọ́ rẹ̀ máa ń sáré lórí gìtá níbẹ̀ yẹn!”

Káfíńtà yíjú sí Rewáyà. “Ṣé o gbọ́ ìsáré kankan?”

“Rárá o. Déédéé ni mo gbọ́.”

“Èmi náà.”

Wọ́n tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀, ìyá fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àga.

“Má sọ̀rọ̀,” ni ó wí. “Ó ń bọ̀.”