Àmì Pupa Tó Kúrò Lórí Ilé Mi

Nígbà tí àbúrò mi ríṣẹ́ sí káńsù, èmi ni mo rán ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ kọ́là rẹ̀ títí ó fi le bíi pákó. Ká ní mo mọ ohun tó máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sọ ni, ǹ bá ti gbàgbé abẹ́rẹ́ kan síbẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Inú ilé tí mò ń gbé náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, nísàlẹ̀ àdúgbò, níbi tí omi òjò ti máa ń yà wọlé bí ẹni tó ń lọ sílé bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wà, òun àti ààrò bíríkì ńlá tí ọkọ rẹ̀ mọ kó tó kú. Nígbà tí ìyá tó bí wa kú, búrẹ́dì obìnrin yìí la fi dàgbà. Àbúrò mi kì í kọjá lọ sílé ìwé kó má yà níwájú ààrò yẹn. Ìyá á bu èyí tó gbóná fún un, á ní kó má sọ fún mi. Mo mọ̀, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí ò rí i ni.

Ọdọọdún la máa ń bẹ káńsù pé kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà fún wa, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ní àwọn ti gbọ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí àbúrò mi gbé áàpù rẹ̀ dé. Wàá tẹ ibi tí ilé rẹ wà lórí fóònù, wàá sọ ibi tí omi dé lára èèyàn, àmì pupa á sì yọ sórí máàpù tí gbogbo ayé lè ṣí wò, látorí alága káńsù dórí ẹni tí ò níṣẹ́ ṣe. Ó ní kò ní sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó máa lè sọ pé òun ò gbọ́ mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù mi la ti ṣèpàdé. Bàbá Oníbàtà, tó ń tún bàtà ṣe ní òdìkejì títì, ní omi ò kọjá orúnkún nílé òun. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ta ló fẹ́ gbẹ́ gọ́tà nítorí orúnkún? Ẹ kọ ìbàdí." Ni gbogbo wa bá kọ ìbàdí. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ àyà, a ní kó rọra, kó má rì wá. Bí a ṣe máa ń ṣe ládùúgbò wa náà nìyẹn. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n sáré wá, èéfín lásán la ó rí, iná la ó pariwo.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ò fẹ́ dá sí i. Ó ní ilé tí gbogbo ayé bá ń wo inú rẹ̀, onílé nìkan kọ́ ló máa rí nǹkan mú níbẹ̀. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọmọ wa ló ṣe é. Ó na àtàǹpàkò sí mi, ìyẹ̀fun ṣì wà lára rẹ̀, mo dì í mú, mo fi tẹ ìbàdí fún un.

Lẹ́yìn òjò tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ káńsù dé, àwa kan sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀dà ni àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ gbé dání, kò sí ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n ń kun ìlà pupa méjì tó dábùú ara wọn sára ògiri, wọ́n ní wọ́n máa wó àwọn ilé náà, nítorí èèyàn ò gbọdọ̀ gbé níbi tí omi ti ń dé ìbàdí. Wọ́n kun ti Ìyá, wọ́n kun ti Bàbá Oníbàtà. Wọn ò kun tèmi. Mo rò pé ọ̀dà ló tán.

A lọ fẹjọ́ sùn ní gbọ̀ngàn káńsù. Ta ló dìde láti dá wa lóhùn? Àbúrò mi ni, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rán. Bàbá Oníbàtà ní orúnkún ni, ó ní ẹni tó dúró yìí gan-an ló ní kí àwọn kọ ìbàdí. Àbúrò mi ò wojú rẹ̀, ó ní:

"Kì í ṣe káńsù ló sọ ọ́. Àwọn ará àdúgbò ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́, gbogbo ayé sì ń rí i."

Ẹni a ní kó feni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Síbẹ̀ mo ń sọ fún ara mi pé bóyá ọ̀gá rẹ̀ ló fipá mú un. Èèyàn máa ń wá àwíjàre fún ọmọ ìyá rẹ̀.

Nígbà tí a délé, Bàbá Oníbàtà ṣí máàpù náà, ó sì gbé fóònù rẹ̀ lé orí máṣíìnì ìránṣọ mi. Àmì pupa kún ojú rẹ̀ láti òkè àdúgbò wá bí ara ọmọ tí ilẹ̀ẹ́gbóná ń bá jà. Lórí ilé mi, kò sí nǹkan kan. Ìyá Oníbúrẹ́dì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbóhùn sókè.

"Ìwọ lo di àtàǹpàkò mi mú."

Mo búra, mo ní ojú wọn ni mo ṣe tẹ tèmi. Wọ́n mi orí, wọ́n sì lọ. Àwọn oníbàárà mi ò gbé aṣọ wá mọ́, mo lè fara da ìyẹn. Ohun tí mi ò lè fara dà ni pé nígbà tí mo lọ ra búrẹ́dì, Ìyá wé e fún mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Obìnrin tó wẹ̀ fún mi ló ń kí mi bí àlejò.

Nígbà tí àbúrò mi yà wá kí mi, mo bi í. Kò jiyàn.

"Tiyín ni mo yọ kúrò, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

Ọpẹ́ ló ń retí. Ó ní bí wọ́n bá wó àwọn yòókù tán, gọ́tà ńlá máa gba ibẹ̀ kọjá, omi ò sì ní wọ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Mo ní Ìyá ńkọ́? Ó ní káńsù máa fún un níbòmíràn. Mo ní ṣé wọ́n máa ń di ààrò bíríkì sínú àpò ni? Ó wolẹ̀. Ó ní bí òun bá yọ méjì, wọ́n máa fura. Ìgbà yẹn gan-an ni ó dùn mí wọ eegun, nítorí ó túmọ̀ sí pé ó ti jókòó rò ó, ó sì yan ẹni tó máa sọnù. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, mi ò mọ̀ pé èmi ni mò ń ránṣọ fún un. Mo ní kó jáde.

Mo mú fóònù mi, mo lọ bá Ìyá nídìí ààrò. Bàbá Oníbàtà wà níbẹ̀. Lójú àwọn méjèèjì, mo tẹ ilé mi, mo kọ orúnkún, mo sì kọ ẹni tó ní ká kọ ìbàdí. Tẹ́lẹ̀, kíá ni àmì máa ń yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ló yọ, Bàbá Oníbàtà sì kà á sókè: "A ti gba ọ̀rọ̀ yín. Yóò hàn bí òṣìṣẹ́ wa bá fọwọ́ sí i."

Ìyá ní ta ni òṣìṣẹ́ ọ̀hún. Kí n tó lanu, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́wọ́ mi. Ìyá ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ń pè nínú àwòrán tó yọ sójú fóònù. Níwájú ààrò rẹ̀ la ti yà á, ọmọdékùnrin kan ń rẹ́rìn-ín, búrẹ́dì lẹ́nu rẹ̀.

Ó wò ó títí tí fóònù fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ààrò, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.