Bàtà Tí Ilẹ̀ Wọ̀

Wọ́n ní kí n má béèrè. N kò béèrè.

Nígbà tí wọ́n gbé Wúràọlá jáde, inú yàrá ni mo wà. Àbúrò mi, Bàṣírù, ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ẹ rọra, ẹ rọra, ẹ yí orí síwájú." Mọ́tò ṣíná. Lẹ́yìn ìyẹn n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, iyanrìn funfun wà létí ṣòkòtò Bàṣírù. Ó rí i pé mo rí i. Ó gbọ̀n ọ́n dànù.

Ọmọ mi kan ṣoṣo ni. Ìyá rẹ̀ ti ṣíwájú. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò tíì lọ́kọ. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó lọ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, kò jí mọ́.

Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Àlùfáà tó wá ṣàdúà sọ pé ẹ̀sìn kò ní kí bàbá má mọ̀ ọ́n. Bàṣírù dá a lóhùn. "Àlùfáà, àdúà lẹ wá ṣe. Ẹ bá wa ṣe é." Àlùfáà ṣe é, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Èmi náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Bí wọ́n ṣe ṣe fún bàbá mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú nìyẹn. Àmọ́ iṣẹ́ tí ọmọ mi ṣe láyé kò jẹ́ kí ó rọrùn fún mi. Oórì ló ń wá kiri.

Ṣúméékà ni mí. Ẹnu géètì bárékè Ọ̀jọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, títí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Bàtà ṣọ́jà ni mo fi rán an níléèwé. Ìtàn ló kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn náà ó rí ìrànwọ́ gbà, ó lọ sókè òkun, ó di ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láti mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé ayé. Ìráàkì ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbẹ́ tiwọn. Páátíà ni wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n ń wá. Àwọn ló jọba ní ilẹ̀ Páṣíà àti níbẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. N kò gbọ́ orúkọ wọn rí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún sájẹ́ǹtì kan tó wá tún bàtà ṣe, ó ní, "Ṣé wọ́n ṣì wà?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ta ló wá rán an níṣẹ́ sí wọn?"

Bí ó bá wá sílé, á jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, á máa fi àwòrán hàn mí lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan, ère ọkùnrin Páátíà kan ni. Ó wọ ṣòkòtò gbọọrọ, ó wọ bàtà. Wúràọlá ń sọ̀rọ̀ nípa irun rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni èmi ń wò.

"Bàbá, ẹ ò tíì wo ojú ẹ̀."

"Ojú kì í wọ bàtà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí àpótí mú.

Ọjọ́ mìíràn, pósí ló fi hàn mí. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Wọ́n sun ún níná, wọ́n sì fi nǹkan dídán kùn ún lára bí àwo tánganran. Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé àti aró. Ó fẹ̀ lápá orí, ó tín-ín-rín lápá ẹsẹ̀. Ihò kan wà lókè níbi orí, tí wọ́n ń gbà ti òkú wọlé.

"Kí lẹ rí níbẹ̀, Bàbá?"

"Sálúbàtà."

Ó pàtẹ́wọ́. "Orúkọ tí àwọn òyìnbó sọ ọ́ gan-an nìyẹn! Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ló wọ̀ ọ́?"

"Òkú ni wọ́n tì bọ inú ẹ̀, Bàbá."

"Òkú ni ẹsẹ̀. Ta ló ni ẹsẹ̀?"

 "Ilẹ̀," ló wí. "Ilẹ̀ ló wọ̀ ọ́."

Ó ní pósí náà kò gba ìwàǹwára. Láyé àtijọ́, àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ hú wọn jáde, ńṣe ni ó ń fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n fi nǹkan lílẹ̀ lẹ bébà mọ́ ọn lára, tí bébà gbẹ, ni wọ́n tó rí i gbé. Inú mi dùn sí ìyẹn. Èmi náà ti lẹ bébà mọ́ awọ tó gbó rí kí n tó rán an.

Ọ̀kan kékeré wà nínú èyí tí àwọn Wúràọlá rí. Ọmọdé ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀ àti orù kékeré kan. Abẹ́ ilẹ̀ yàrá ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n tún ilẹ̀ rẹ́ lé e, wọ́n sì ń gbé inú ilé náà lọ.

"Nínú ilé tí wọ́n ń sùn?"

"Nínú ilé tí wọ́n ń sùn."

"Bàbá ọmọ mọ ibẹ̀?"

"Á mọ̀, Bàbá. Á máa gba orí ẹ̀ kọjá."

"Èèwọ̀ ni."

"Níbí ni."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é?"

"A ò mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń sọ ọ́. Ọ̀mọ̀wé ni, ṣùgbọ́n ohun tí kò bá mọ̀, kì í yí i po.

"Bó ṣe rí lára bàbá náà ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í sí nínú ilẹ̀, Bàbá."

Mo ní ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì kan ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Nígbà tí mo rà á, èmi àti Wúràọlá la jọ lọ wò ó. Ilẹ̀ dúdú ló wà lókè níbẹ̀, iyanrìn funfun ló wà nísàlẹ̀. Ó dúró níbì kan, ó fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Wọ́n ti gbẹ́ ibí yìí rí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀, dúdú àti funfun ti dà pọ̀. Ẹ wo koríko. Ibi tí wọ́n bá ti gbẹ́ máa ń rọ̀, gbòǹgbò á ríbi wọlé, koríko ibẹ̀ á tutù ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ. Tó bá yá, á rì."

Mo ní irọ́ ni. Ó yá ṣọ́bìrì lọ́wọ́ aládùúgbò. Èédú àti àkúfọ́ ìkòkò ló hú jáde.

"Ẹ tún sọ pé irọ́ ni," ló wí. Ó nu ọwọ́ dídọ̀tí rẹ̀ mọ́ búbà mi.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló kú. Òjò dé. Yàrá tí mo háyà ní Òkókómáìkò ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo pe Bàṣírù. Mo ní mo fẹ́ kọ́ yàrá kan àti pálọ̀ sí Ọ̀tọ̀, kí n lè kú sí ilé ara mi. Gáréèjì Ìyànà Ìbà ni Bàṣírù ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń pe èrò sí mọ́tò. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Ọ̀tọ̀ kẹ̀?" ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, omi wà níbẹ̀."

"Kò sí omi níbẹ̀."

"Ejò ńkọ́?"

"Ejò wo?"

"Ejò. Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká tà á, ká ra òmíràn ní Ìbà."

"Omi ni, àbí ejò, àbí ọmọ onílẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni." Ó nu ojú. "Ẹ jẹ́ kí òjò dá ná."

Òjò dá. Ó ní kí ọdún tuntun wọlé. Ọdún tuntun wọlé. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun.

N kò béèrè nǹkan kan. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní Ìyànà Ìbà, mo lọ fúnra mi.

Ọyẹ́ ti mú. Gbogbo koríko orí ilẹ̀ náà ti gbẹ, àfi ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àgbọn. Ibẹ̀ tutù. Ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n kò gba ojú tó dá. Dúdú àti funfun ti dà pọ̀. Ilẹ̀ ti rì díẹ̀. Ó gùn bí ènìyàn. Mo wo ibi tí oòrùn ti ń yọ, mo wo bí ibẹ̀ ṣe nà gbalaja. Bí a ṣe ń tẹ́ ẹni tí yóò kọjú sí Kíbílà ni. Koríko náà fẹ̀ lápá orí, ó tín-ín-rín lápá ẹsẹ̀.

Mo dúró. N kò sún mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde, ohun tí mò ń rò ni bóyá ó jìnnà. Bóyá wọ́n ń da pàǹtí sórí rẹ̀. Bóyá wọ́n ti sin ẹlòmíràn lé e. Inú ilẹ̀ tí mo fi owó bàtà rà ni wọ́n sin ín sí. Bàṣírù wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní lè lé e kúrò, ibẹ̀ náà ló sì wá di ibi tí kò mọ bí yóò ṣe lé mi kúrò.

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Mo dìde. Mo lọ wá bíríkìlà.

Fọlárìn ni orúkọ bíríkìlà náà. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ará Ògùn, ó máa ń ṣàwàdà. Ó kan èèkàn mọ́lẹ̀, ó na okùn.

"Bàbá, yàrá níbí, pálọ̀ níbí."

"Sún èèkàn yẹn síwájú."

Ó sún un. "Ó tó?"

"Sún un sí i."

"Á kọjá igi àgbọn o."

"Kí ó kọjá."

"Bàbá, yàrá yìí á tóbi ju pálọ̀ lọ. Ṣé ẹ fẹ́ gbéyàwó ni?"

"Sún un."

"Ìyàwó yẹn á ga o!" Ó sún un.

Ibẹ̀ la wà tí Bàṣírù fi dé. Aládùúgbò ti pè é lórí fóònù. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ dúró! Ta ló ní kẹ́ ẹ gbẹ́lẹ̀?"

"A ò tíì gbẹ́ nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n," Fọlárìn fèsì. "Okùn la nà."

Bàṣírù wo okùn. Ó rí ibi tó gbà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún ilé yìí sápá ọ̀hún."

"Kí ló dé?"

"Omi."

"Ejò ńkọ́?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ sáà sún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí."

"Mo bi ọ́ rí?"

"Rárá."

"Láti ọjọ́ yẹn, mo bi ọ́?"

"Ẹ ò bi mí."

"Mi ò ní bi ọ́."

Mo kọjú sí Fọlárìn. "Ibi tí okùn gbà ni kó o gbẹ́. Ṣọ́bìrì kò gbọdọ̀ kan inú yàrá."

"Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ńkọ́?"

"Da sìmẹ́ǹtì láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí màá tẹ́ ẹní sí. Apá ti igi àgbọn, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Bàbá, koríko yẹn á kú. Kò ní rí oòrùn."

"Mo mọ̀."

Fọlárìn wo koríko. Ó wò mí. Ó wo Bàṣírù. Ó ṣí fìlà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Nítorí ọ̀rọ̀ ìyàwó tí mo sọ."

"Kò burú."

Bàṣírù ti jókòó sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ohùn pe èrò ní Ìyànà Ìbà ń sunkún láìsí ohùn.

"Mo búra pé mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni," ló wí. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún mi."

"Ẹ mọ̀ nìyẹn."

"Mi ò mọ nǹkan kan. Bàbá kì í mọ̀." Mo na ọwọ́ sí i. "Dìde. Ilẹ̀ yẹn ń kó ìdọ̀tí bá aṣọ rẹ."

Ó dìde. Iyanrìn funfun tún wà létí ṣòkòtò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbọ̀n ọ́n dànù.

Wọ́n gé igi àgbọn. Ilé dìde. Mo kó wọ ibẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹní mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Apá kejì yàrá, ilẹ̀ lásán ni. Koríko ti kú bí Fọlárìn ṣe wí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì ń rì díẹ̀díẹ̀. N kò kún un.

Bàṣírù máa ń wá. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí. Bí àlejò bá béèrè ìdí tí ilẹ̀ yàrá mi kò fi ní sìmẹ́ǹtì dé ìparí, òun ló ń yára dáhùn. Ó ní omi ni.

Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé rán bàtà, n kì í wọ bàtà wọ yàrá náà. Ìta ni mò ń bọ́ ọ sí.

Ilé yìí náà yóò wó. Bóyá ẹnì kan yóò wá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, irú ẹni tí ọmọ mi jẹ́. Á rí ibi tí sìmẹ́ǹtì dópin. Á rí ibi tí ilẹ̀ rì sí. Wọ́n á bi í pé kí ló dé tí ẹnì kan fi sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, á ní òun kò mọ̀.

Láàárọ̀, bí mo bá jí, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dìde. Wúràọlá ló máa ń kọ́kọ́ kí mi tẹ́lẹ̀.