Àpò Tó Ń Wúwo Jáde

Atọpinpin ni àwọn arúgbó ilé ìtọ́jú náà ń pe nọ́ọ̀sì àgbà wọn, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Bí ẹnì kan bá jẹun kù, á fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ ló pọ̀ jù àbí ọkàn ló bà jẹ́. Abájọ tó fi jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ kíyè sí àpò ọmọ àbúrò Mama Aránṣọ.

Mama Aránṣọ kò bímọ. Ọmọ àbúrò rẹ̀ yìí nìkan ló ń wá kí i, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu ọkùnrin náà. Tó bá ń wọlé, àpò dúdú ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ bí ikùn ẹni tó gbààwẹ̀. Tó bá ń lọ, àpò á ti wú bí ikùn aboyún.

"Aṣọ Mama ni mo ń kó lọ fọ̀," ló wí nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n a ní ẹ̀rọ ìfọṣọ níbí."

"Mama ò fẹ́ràn ọṣẹ yín ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tó ń bá Mama to kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn aṣọ gbígbó pé síbẹ̀. Aṣọ àrán aláwọ̀ aró tí Mama fọwọ́ ara rẹ̀ rán ni kò rí, bẹ́ẹ̀ ni kò rí rédíò kékeré ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ló lọ gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀. Ó wọlé, ó bá aṣọ àrán náà lórí tábìlì, wọ́n ti ń tú apá rẹ̀.

"Ta ló ni èyí?"

"Ìyàwó ilé kan ni," ni télọ̀ fèsì. "Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ òun ló fún òun, kí n bá òun dín in kù."

Ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì fẹ́ gba ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìtọ́jú lọ tààrà, ṣùgbọ́n ó rò ó pé ẹni tó ni aṣọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Ó lọ jókòó ti Mama.

"Mama, ẹ má bínú. Ṣé ẹ mọ ibi tí aṣọ àrán yín wà?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ fún un ni?"

"N kò fún un. N kò sì ní kó má mú un." Mama kọjú sí fèrèsé. "Ọmọ mi, bí kò bá rí nǹkan mú lọ, ṣé o rò pé ó máa padà wá?"

Olè ni nọ́ọ̀sì ń tọpa, ìdánìkanwà ló bá níbẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ni nǹkan yín, Mama. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Mama yíjú padà sí i. "Kó máa bi mí kó tó mú un."

Nọ́ọ̀sì lọ sọ ọ́ fún ọ̀gá ilé. Wọ́n fi àgádágodo sí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé Mama lọ́wọ́, wọ́n sì sọ fún ọmọ àbúrò rẹ̀ pé ohunkóhun tó bá máa jáde, Mama ló máa fẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀.

"Ṣé olè lẹ wá ń pè mí báyìí?" ló bú jáde.

"Ta ló pè ọ́ lólè?" ni Mama fèsì. "Bi mí, kí n fún ọ."

Ó bínú lọ. Ọ̀sẹ̀ yí po, kò yọjú. Oúnjẹ Mama bẹ̀rẹ̀ sí í kù nínú àwo, nọ́ọ̀sì sì ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ò ti tọpinpin kọjá ààlà.

Ìyàwó ọkùnrin náà ló dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun nìkan, pẹ̀lú aṣọ àrán lọ́rùn.

"Ẹ ṣé gan-an, Ma. Ọkọ mi ò jẹ́ kí n wá dúpẹ́, mo ní kò dáa bẹ́ẹ̀."

Mama sọ òtítọ́ fún un, kò fi ohùn líle sọ ọ́. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́tìnnì tó máa tú.

"Má bọ́ ọ. Ìwọ kọ́ lo ṣe é. Àmọ́ ta ló rán apá yìí? Ó wọ́! Nọ́ọ̀sì, bá mi wá abẹ́rẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Mama tún apá aṣọ náà rán lára obìnrin náà, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí abẹ́rẹ́ gún un. Ìgbà tó tún wá, ó gbé rédíò dání.

Ọkọ rẹ̀ ò tètè wá. Nígbà tó wá, etí àga ló jókòó sí, kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí. Mama wò ó títí, ó wá bi í bóyá ó ti jẹun.