Ọmọ Tó Ń Jẹun

Láti ọjọ́ tí Mojí ti kú, ọ̀nà kan ṣoṣo ni Àrìnpé fi ń mọ̀ bóyá ara èèyàn le: yóò wo inú àwo rẹ̀. Bí àwo bá mọ́ féfé, ara le nìyẹn. Bí oúnjẹ bá ṣẹ́kù, àyà rẹ̀ á já, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bo onítọ̀hún bí ọlọ́pàá.

Ẹ má bá a wí. Mojí ni àkọ́bí rẹ̀, ọdún méjì sẹ́yìn sì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú un. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ sá fún ọmọ náà, oorun tẹ̀ lé e. Kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fún ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ra. Àwọn kan pè é ní ibà, àwọn kan pè é ní ọgbẹ́ inú, àwọn kan ní kó lọ gbààwẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o, wọ́n ní kí ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ yìí wá lọ gbààwẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, egungun ló kù nínú aṣọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Àrìnpé ti gbọ́ orúkọ àìsàn náà fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí orúkọ kò wúlò fún un mọ́.

Ọláṣẹ̀hìndé nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Ọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ọ́fíìsì kan n'Íkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló sì ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ tó ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù ni. Ìyá rẹ̀ gbà á gbọ́. Ohun tó dun Àrìnpé nínú ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ wà nílé lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, ó sì ń jẹun.

Àní ó ń jẹun. Bí Àrìnpé bá se ìrẹsì Ọ̀fàdà, Ọláṣẹ̀hìndé á jẹ abọ́ méjì, á tún wá búrẹ́dì kún un. Lẹ́yìn náà á wọ yàrá lọ, á sùn títí oòrùn á fi wọ̀, á jí, á tún jẹun, á tún padà sùn.

"Ẹ jẹ́ kó sinmi," ni Àrìnpé wí fún Rodiat, tí ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ tiwọn jọ fara kanra ní ọjà Ìtòkú. "Èkó ti lò ó jù."

"Ẹ ò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni?" ni Rodiat dá a lóhùn. "Ẹni tí nǹkan ń ṣe á máa sanra báyẹn?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí Àrìnpé ju owó ọjà lọ. Kì í ṣe òun nìkan náà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹni tó bá sanra, ayé ń san án.

Nínú oṣù Kejì, Nọ́ọ̀sì Tóyìn wá sílé náà láti ọsibítù. Àwọn oníṣẹ́ ìwádìí kan ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, wọ́n sì tún ń gba ti àwọn tí ara wọn le, kí wọ́n lè fi wéra. Ó rí orúkọ Mojí nínú ìwé àtijọ́, ó wá bèèrè bóyá ẹnì kan wà nílé tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tó máa fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Àrìnpé kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó pe Ọláṣẹ̀hìndé jáde látinú oorun.

Ìbéèrè wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í. Ní ilé Àrìnpé sì rèé, bí àlejò bá bi ọmọ ní nǹkan, ìyá ní ń dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ náà ṣe dáhùn fún un níwájú tíṣà, níwájú dókítà, títí dé iwájú àwọn àna rẹ̀. Ọmọ á dọ̀bálẹ̀, á kí àlejò, àgbà á sọ̀rọ̀. Wọn kò ka ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ṣé ó ń sùn dáadáa?" ni Tóyìn bèèrè, ojú rẹ̀ wà lórí ìwé.

"Fọnfọn," ni Àrìnpé dáhùn.

"Oúnjẹ ńkọ́?"

Àrìnpé rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wo ara rẹ̀."

"Ṣé ó máa ń ronú pé ó sàn kí òun kú?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

Tóyìn gbójú sókè wo Ọláṣẹ̀hìndé. Ọláṣẹ̀hìndé ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ilé mẹ́fà ṣì kù tí Nọ́ọ̀sì náà máa dé lọ́jọ́ náà, oòrùn sì ti mú. Ó fa igi sí "Rárá," ó gba ẹ̀jẹ̀, ó kọ ọ́ sára ìgò náà pé ti aláàfíà ni. Ìdùnnú gba ọkàn Àrìnpé. Nínú ọmọ méjì tó bí, ìwé ọsibítù ti jẹ́rìí pé ara ọ̀kan le.

Oṣù Kẹwàá ni Tóyìn tó padà wá. Ọ̀sán ni. Àrìnpé wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ìyẹ́ adìẹ kó ẹ̀kọ ya iṣẹ́ ọnà sára aṣọ funfun kan kó tó rì í sínú aró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Ẹ kú ìrìn, Nọ́ọ̀sì. Ẹ fa àpótí yẹn mọ́ra kí ẹ jókòó."

Tóyìn jókòó. Ó rọra ń sọ̀rọ̀. "Mà, ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lọ́jọ́sí ni mo bá wá. A ti máa ń pe ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní àìsàn kan ṣoṣo. Ó jọ pé kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tó mú Mojí, kì í jẹ́ kéèyàn jẹun, kì í jẹ́ kó sùn. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ńṣe lẹni náà á máa jẹun ṣáá, á máa sùn ṣáá, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo bíi pé ó ru sìmẹ́ńtì láti Ewékorò délé."

Àrìnpé ń ya ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. "Àìsàn wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà ni, mà. Àwọn jíìnì, ìyẹn àbùdá tí a bí mọ́ wa, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan á máa ṣiṣẹ́, àwọn kan á dákẹ́. Bí a ṣe wo inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó dákẹ́ lára irú ti Mojí kọ́ ló dákẹ́ lára irú kejì yìí."

Àrìnpé wo aṣọ tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Èyí yé e ju bí Nọ́ọ̀sì ṣe rò lọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní wọ ibẹ̀. Ibi tí kò bò, á dúdú. Aṣọ kan náà, aró kan náà, síbẹ̀ ó lè ya méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní pè ní ọmọ ìyá.

"Ẹ̀jẹ̀ kan wà láàárín ti àwọn aláàfíà," ni Tóyìn ń wí, "tí kò jọ ti àwọn yòókù. Irú kejì yẹn ló jọ. Ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó láti fi sọ pé ẹnì kan ń ṣàìsàn, àwọn ọ̀gá wa ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀. Nítorí náà la ṣe ń padà lọ bi gbogbo wọn ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn fúnra wọn ló máa dáhùn. Mo ṣe àṣìṣe lọ́jọ́sí, mà. Kò yẹ kí n gba ìdáhùn lẹ́nu yín."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Mi ò lè sọ, mà."

Ìyẹ́ adìẹ bọ́ lọ́wọ́ Àrìnpé sórí aṣọ, ó ba iṣẹ́ àárọ̀ náà jẹ́. Gbogbo ohun tó ti rí tí kò rí ń padà wá bá a. Irun orí ọmọ rẹ̀ tí kò gẹ̀ láti oṣù mẹ́rin. Fóònù rẹ̀ tó ń dún tí kì í gbé. Bàtà ọ́fíìsì rẹ̀ méjèèjì tó kó fún ọmọ Rodiat lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí òun Àrìnpé sì ń fọ́nnu kiri ọjà pé ọmọ òun lawọ́. Ó dìde, ó mú Nọ́ọ̀sì lọ sí yàrá ọmọ rẹ̀.

Wọ́n bá Ọláṣẹ̀hìndé lórí ibùsùn. Ó dìde jókòó, ó kí Nọ́ọ̀sì. Tóyìn ṣí ìwé rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe ń sùn?"

Ọláṣẹ̀hìndé yí ojú sí ìyá rẹ̀, ó ń dúró de ìdáhùn, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré.

Àrìnpé la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè. Ó fi ọwọ́ tí aró ti sọ di dúdú bo ẹnu ara rẹ̀, ó ní òun ń lọ bu oúnjẹ, ó sì jáde.

Ó bu oúnjẹ náà lóòótọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan mìíràn tó lè ṣe. Ìrẹsì Ọ̀fàdà kún àwo, ata gun orí rẹ̀. Nígbà tó padà dé ẹnu ọ̀nà, ohùn Tóyìn ló gbọ́ lẹ́yìn kọ́tìnnì.

"Ṣé ẹ máa ń ronú pé ó sàn kí ẹ kú?"

Ọmọ rẹ̀ ló dáhùn.

"Lójoojúmọ́."

"Ṣé ẹ ti sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni kí n sọ fún? Nígbà tí ẹ wá lọ́jọ́sí, màámi ti dáhùn. Mo rí bí inú wọn ṣe dùn nígbà tí ẹ kọ ọ́ pé ara mi le." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Tí mo bá jẹun tán, wọ́n máa ń wo inú àwo yẹn, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Mojí ti lọ, ìgbà yẹn nìkan ni mo ń rí ẹ̀rín wọn."

Àrìnpé dúró síbẹ̀ títí ooru àwo náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó o lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ká kọ́tìnnì, ó wọlé lọ́wọ́ òfo, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn níbi tí èjìká rẹ̀ ti kan ti ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bèèrè ìbéèrè tó kàn. Ọláṣẹ̀hìndé tún yí ojú sí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì pa ẹnu mọ́, ó ń dúró.