Òkú Tó Ń Dáhùn Ìkíni

Àlá tí mo lá rèé. Àwọn sójà bárékè wá sí àdúgbò wa, kí àwa àti àwọn jọ dánra wò de ìgbà tí omíyalé bá dé. Omi tí wọ́n kó wá wà ní kíká bí ẹní. Wọ́n tẹ́ ẹ láti ojúlé dé ojúlé, a ń rìn lórí rẹ̀, ẹja ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Wọ́n ní kí màámi dùbúlẹ̀ bí òkú. Ṣùgbọ́n gbogbo sójà tó ń kọjá ló ń kí wọn, màámi sì ń dáhùn.

Ọ̀gá sójà ní, "Mà, òkú kì í dáhùn."

Màámi ní, "Ẹ sọ fáwọn ọmọ yín kí wọ́n yéé kí òkú."

Nígbà tó yá, àwọn sójà ká omi wọn, wọ́n lọ. Mo ní, "Màámi, ó ti parí, ẹ kú iṣẹ́." Màámi ò dáhùn. Mo tún kí wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti jí.